Ìyàwó Tí Ọjọ́ Kàn

"Òrìṣà, jẹ́ n pé méjì" obìnrin kò dénú. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko sì ni Sàádátù ti fi ń rẹ́rìn-ín sí òwe náà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni. Ó ní tòun dénú. Òun ló da omi tútù sí ẹsẹ̀ Rọ́fíàt lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé, òun ló sì kọ́kọ́ gba Hàbíb ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Àfi àárọ̀ ọjọ́ Àlàrùba yìí, tí àpò ìwé kan já bọ́ láti abẹ́ ìjókòó awakọ̀, tí ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀ sì fojú hàn.

Abẹ ló fi ń tú òwú ògbólógbòó ìjókòó náà lọ́wọ́. Aṣọ ìjókòó mọ́tò ni Sàádátù ń rán ní gáréèjì Orè, lábẹ́ páànù kan tó kọjú sí ibi tí àwọn ọkọ̀ Benin ti ń gbèrò. Ọdún kẹtàlélógún rẹ̀ nìyí nídìí iṣẹ́ náà, òun nìkan sì ni obìnrin láàárín àwọn tó ń ṣe é. Bọ́ọ̀sì Gàzálì ọkọ rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Gàzálì gbé e kalẹ̀ fún un lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó ní kó bá òun rán ìjókòó èrò, òun ń bá mẹkáníìkì kan lọ sí Oǹdó láti lọ wo mọ́tò kan tí wọ́n fẹ́ tà.

Ìjókòó èrò nìkan ló ní kó rán. Ti awakọ̀, Sàádátù fẹ́ fi ta á lọ́rẹ ni. Ó ti ra awọ pupa kan pamọ́, èyí tó nípọn tó sì ń dán, kí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ lè rí ibi tó tura sinmi lé lójú ọ̀nà jíjìn.

Ó ṣí àpò ìwé náà. Ojú Gàzálì ló kọ́kọ́ rí, fọ́tò pélébé, fìlà tí òun Sàádátù fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún un ló dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ọmọ ẹ̀pà méjì nínú èèpo kan, ojú Rọ́fíàt. Rọ́fíàt rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú fọ́tò ọ̀hún, ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé ibi tí òun jókòó sí yẹ òun.

Gẹ̀ẹ́sì kún abẹ́ fọ́tò méjèèjì bí eèrà. Kéwú ni Sàádátù kà, ó sì kà á yanjú; ti òyìnbó kò ju kó mọ orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sára mọ́tò lọ. Ó wo fọ́tò náà títí.

Àbdùlràhmọ̀n tó ń kọ orúkọ èrò sílẹ̀ ní gáréèjì ló ké sí pé kó bá òun wò ó. Ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì, ó sì sọ fún un pé ilé iṣẹ́ tó ń yáni lówó lórí ilé ló ni ìwé náà. Gàzálì fẹ́ gba owó mọ́tò. Ilé wọn tó wà lójú ọ̀nà Odìgbó ló fi ṣe ohun ìdógò.

"Wọ́n kọ ọkọ síbí, ọkọ yín ni," ó ní. "Wọ́n kọ ìyàwó síbí." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin kọ́, Ìyá Àzíìzàt."

"Ta ni?"

"Ẹ ti rí fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e fún mi." Ó yára fi àwàdà tì í. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ó lè jẹ́ pé ìyá ọkọ ni wọ́n fẹ́ kọ yín sí, kí àyè tó kún."

Àwọn awakọ̀ tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Sàádátù náà bá wọn rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n gbá létí láàárín ọjà tí kò fẹ́ kí ọjà mọ̀. Ó ká awọ pupa náà, ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì wé ìborùn rẹ̀ mọ́ orí. Ìjókòó awakọ̀ wà níbẹ̀ ní ìhòòhò, fóòmù rẹ̀ ń wo òkè.

Ilé yẹn. Bí ilé bá lè sọ̀rọ̀, ṣé orúkọ ẹlòmíràn ni yóò pè? Owó ìránṣọ odidi ọdún mẹ́ta ni Sàádátù bá wọn dá sí ilẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹbí onílẹ̀ ń kọ ìwé, wọ́n bi Gàzálì ní orúkọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wo Sàádátù tó pọn Àzíìzàt sẹ́yìn, wọ́n kí i kú ewu ọmọ. Kò sẹ́ni tó bi í ní orúkọ, òun náà kò sì sọ ọ́, ó rò pé ẹni tó ni orí ló ni fìlà. Lẹ́yìn èyí ló pọnmi búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn èyí ló ra páànù, tó ra férémù fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra àwo. Rọ́fíàt kò tíì jáde ilé ìwé nígbà náà. Ó dé, ó bá ilé tó ti gbẹ, ó gba yàrá tó kọjú sí afẹ́fẹ́, Sàádátù kò wí nǹkan kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé inú òun mọ́. Ṣé inú mímọ́ ni, àbí kò tíì sí ohun tó rú u sókè?

Kó tó dé ilé iṣẹ́ ọ̀hún, ó ní kí ọlọ́kadà já òun sílẹ̀ níwájú ilé ayàwòrán kan nítòsí oríta. Mẹ́rin ló ní kó yà fún òun, pélébé. Ayàwòrán ní kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ó gbé e. Ó ní kó má le ojú. Ìyẹn kò rọrùn. Nígbà tí fọ́tò jáde, Sàádátù gbé e súnmọ́ ti Rọ́fíàt nínú àpò ìwé, ó sì rí i pé òun gbó. Kì í ṣe arúgbó. Ó gbó bí awọ tí wọ́n ti jókòó lé. Ó ní kí ayàwòrán tún un yà. Ayàwòrán ní, "Ìyá, bí ojú ṣe rí ni ẹ̀rọ ń mú un." Ó sanwó, ó jáde.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé iṣẹ́ ayánilówó náà wà. Ọ̀dọ́bìnrin onígíláàsì kan tó ń jẹ́ Adédoyin, ọmọ Odìgbó, ló dìde kí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fún un ní àga. Sàádátù kò jókòó. Ó to fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì bí ẹni ń ta ayò.

"Mo fẹ́ kí ẹ lẹ èmi náà mọ́ ìwé yìí," ó ní. "Tàbí kẹ́ ẹ yọ tọ̀hún kúrò. Èmi ni ìyáálé."

Adédoyin wo fọ́tò, ó wo àpò ìwé, ó sì tún wo Sàádátù. Ó jọ pé ó ti ń retí rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jókòó ná, ó gbé omi inú ọ̀rá fún un, ó ní òun fẹ́ kí ó mọ ohun tó ń bèèrè kí òun tó mú gọ́ọ̀mù. Ó ní jíjẹ́ ìyàwó nìkan kì í sọ ènìyàn di ajigbèsè. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ni ìwé mọ̀. Gàzálì ló ń yá owó. Rọ́fíàt tó fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀, onídùúró ni. Bí Gàzálì kò bá san, wọn yóò bi Rọ́fíàt ní owó náà, olùkọ́ ni, owó oṣù rẹ̀ kò sì sápamọ́. Kódà bí wọ́n bá ta ilé tí owó kò pé, ìyókù ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

"Èmi ńkọ́?" Sàádátù ní.

"Ẹ̀yin ò jẹ wá ní kọ́bọ̀, mà."

Ì bá dùn mọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí etí Sàádátù mú nínú rẹ̀ ni pé ìwé náà kò mọ òun. Ẹni tí wọn kò lè bi ní gbèsè, ṣé ìyàwó nìyẹn? Rọ́fíàt lè jẹ gbèsè ọkọ wọn títí ayé, òun kò tó ẹni tí wọ́n ń bi.

Ó bèèrè ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Adédoyin yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọjọ́ Àtàlátà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí òun fúnra òun lọ wo ilé náà. Ìyàwó tí òun bá níbẹ̀ ló gbé omi fún òun, òun ló ń dáná, ọ̀gá, ìyẹn Gàzálì, sì nawọ́ sí i pé ìyàwó òun nìyí. Àyè kan ṣoṣo ló wà fún ìyàwó lórí ìwé wọn. Wọ́n kọ ọ́.

Sàádátù ka ọjọ́ lórí ìka. Ọjọ́ méjì méjì ni wọ́n fi ń pín ọkọ nílé wọn, kò yẹ̀ rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tí ọjọ́ bá kàn ló ń dáná, òun ló ń dá àlejò lóhùn, òun ni Gàzálì ń rán sí aṣọ àti oògùn ẹ̀yìn rẹ̀; ẹnì kejì kì í tilẹ̀ yọjú sí ilé ìdáná. Ó ka Àtàlátà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tirẹ̀ ni. Ìjókòó ọkọ̀ méjì tó yẹ kó jáde sí Benin kí ilẹ̀ tó ṣú ló wà lọ́rùn rẹ̀, ló bá ní kí Rọ́fíàt bá òun gba ọjọ́ náà, òun yóò dá a padà fún un lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ìkòkò ni mo ní kó bá mi gbé kaná, ó sọ nínú ara rẹ̀. N kò ní kó jókòó sí àyè mi.

Adédoyin ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ náà ni òun gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò pé ìyáálé wà nílé. Ó bi Sàádátù bóyá ó lówó nínú ilé náà. Sàádátù ka ilẹ̀, ó ka páànù, ó ka férémù, ó fẹ́ ka omi tó pọn. Adédoyin dá kálámù dúró. Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò ìwé tí Sàádátù ti ń gbé kiri láti àárọ̀, ìwé tí kò ní fọ́tò kankan.

"Tiyín nìyí, mà. Mo ti fún ọ̀gá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kó gbé e fún yín. Ẹ̀tọ́ tẹ́ ẹ ní nínú ilé yẹn, ẹ lè gbé e dé iwájú adájọ́, bí orúkọ yín ò tilẹ̀ sí nínú ìwé ilẹ̀. Ìdí tí a fi fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí èyí nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ ti gbà kí ẹ̀tọ́ tiwa ṣáájú tiyín. Tí ọ̀gá ò bá san, a ó ta ilé, a ò sì ní í bèèrè ta ló jẹ gbèsè àti ta ni ò jẹ kí gbogbo yín tó jáde."

"Bí n ò bá fọwọ́ sí i?"

"Owó ò ní í jáde. Kò sí gbèsè, kò sí onídùúró. Ìwé onífọ́tò tọ̀hún á kàn di ìwé lásán." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má fi tèmi ṣe, mà, ibí ni wọ́n ti ń sanwó fún mi. Ẹ wá ẹni tí kì í ṣe tiwa kó là á yé yín kẹ́ ẹ tó fi kálámù kàn án."

Orí ọ̀kadà ni èṣù ti pàdé rẹ̀. Atẹ́gùn ń gbá ìborùn rẹ̀, àwọn tírélà ń rọ́ kọjá, èrò kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lẹ́nu bí ìrèké. Bó bá fọwọ́ sí ìwé yìí lónìí, owó yóò jáde. Owó bá jáde, àjàgà ti bọ́ sí ọrùn Rọ́fíàt. Ẹni tó fẹ́ jẹ́ ìyàwó, kó jẹ ẹ́ dé eegun. Ó rí Rọ́fíàt níparí oṣù, tó ń wo fóònù pé owó oṣù kò wọlé. Ó rí i tó wá bá òun lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lẹ́yìn, pé ìyáálé mi, ẹ bá mi wá nǹkan. Ó sì rí ara rẹ̀ tó ń fún un, tàánútàánú, lójú gbogbo ènìyàn. Ibẹ̀ ló ti dá ara rẹ̀ dúró. Ó ní, "Aúùsù bílláhì." Ọlọ́kadà rò pé eré òun ló bà á lẹ́rù, ó dẹ ẹsẹ̀.

Rọ́fíàt ló lọ́jọ́ lónìí. Ó ti dé láti ilé ìwé, ó ti pààrọ̀ aṣọ, ó ń ro púpurú lórí àdògán nígbà tí Sàádátù yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó dá ọwọ́ dúró. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ẹni tó wọlé bẹ́ẹ̀ yẹn lọ́jọ́ ẹnì kejì.

"Ẹ kú ilé, ìyáálé mi. Ṣé kò sí nǹkan?"

Sàádátù gbé ìwé onífọ́tò náà sókè. "Ṣé o mọ ohun tí o fọwọ́ sí?"

Rọ́fíàt wò ó. Ó gbé ìkòkò kúrò lórí iná kó má baà jóná, ó nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. "Mo kà á, mà."

"O kà á?"

"Láti ìlà kìn-ín-ní. Mo mọ̀ pé onídùúró ni wọ́n kọ mí sí. Mo mọ̀ pé owó oṣù mi ni."

Sàádátù ti kó èébú dání wá. Ó ti tò ó láti ojú ọ̀nà, èyí tó gbóná jù ló wà lókè. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èébú yóò ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ti ọrùn bọ àjàgà. Ó kàn bèèrè pé kí ló wá dé.

"Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, kẹ́ ẹ wá bínú," Rọ́fíàt ní. "Ẹ̀yin lẹ pọnmi búlọ́ọ̀kù ilé yìí. Àlejò kan ò lè wọlé kí Bàbá Àzíìzàt má nawọ́ sókè, kó fi oríkì yín pè yín: páànù yìí, Àmọ̀kẹ́ ló rà á, férémù yẹn, Àmọ̀kẹ́ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé àwo oúnjẹ kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mò ń gbálẹ̀ ilé tí n kò ní ìṣó kan lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀, mo rí àyè kan tí wọ́n kọ ìyàwó sí, ó ṣófo. Mo mọ̀ pé ọjọ́ yín ni. Mo sáré kọ orúkọ mi sí i kẹ́ ẹ tó dé."

Iná ń ṣẹ́ pàrà lábẹ́ àdògán. Sàádátù fi ọwọ́ kan ògiri. Òun. Òun tí ayàwòrán kò lè tún ojú rẹ̀ ṣe, tí àwọn awakọ̀ fi rẹ́rìn-ín láàárọ̀, òun ni ẹnì kan ti ń jowú láti ọdún mẹ́sàn-án, nínú ilé kan náà, tó ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Ó wá inú tó ń bí i, kò rí i mú dáadáa. Ó ń yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ilá.

"Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́?" ó ní.

"Ó ń bà mí. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ níṣirò, tèmi ni mo máa ń ṣe nínú orí."

Gàzálì wọlé nígbà tí wọ́n ń múra ìrun mọ̀gàríbì. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú títì, tó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé. Mọ́tò Oǹdó ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó ti ya gáréèjì kó tó bọ̀, ó ti rí ìjókòó awakọ̀ tó wà ní ìhòòhò, ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ sì ti tẹ̀ sí apá kan. Ó bá Sàádátù nínú pálọ̀, ìwé méjèèjì lórí tábìlì. Ó jókòó tì í, ó bú sẹ́rìn-ín ẹni tí ọwọ́ tẹ̀.

Ó ní kó má bínú, òun fẹ́ sọ fún un. Ó ní àyè kan péré làwọn ayánilówó fi sílẹ̀, bí ẹni pé gbogbo ayé ló fẹ́ ìyàwó kan. Kí ni kí òun ṣe? Bí òun bá kọ Sàádátù, ìjà ni; bí òun bá kọ Rọ́fíàt, ìjà ni. Ó ní òun fi ẹ̀tọ́ ṣe é bí òun ti ń fi ẹ̀tọ́ ṣe gbogbo nǹkan nínú ilé náà: òun wo ẹni tó ń dáná lọ́jọ́ yẹn, òun pè é. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí ìyìn.

Ó gbà á gbọ́, Sàádátù rí i bẹ́ẹ̀. Kò sí àrékérekè níbẹ̀. Bó ti ń pín ẹran ló pín gbèsè.

Gàzálì fa kálámù yọ nínú àpò, ó tẹ̀ ẹ́ sí i lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ sí ibi tí Sàádátù mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n wà ní yàrá kan.

"Àmọ̀kẹ́ mi. Aránṣọ-fún-irin tí irin ń jókòó jẹ́ẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ gún awọ, ó gún òṣì. Ọmọ onílé àárín àgbàdo, ọmọ a-jí-lówùúrọ̀-fi-ìrì-wẹsẹ̀ lọ́nà Àgọ́ Aláyé. O gbé páànù borí ọkọ, òjò ò pa ọkọ rẹ. Àmọ̀kẹ́, fọwọ́ sí i, ká jọ gun mọ́tò ayọ̀. Ìwé lásán ni."

Orí rẹ̀ wú. Ara Yorùbá wo ni oríkì kì í wọ̀? Kálámù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn fúnra rẹ̀. Kò sì sí irọ́ nínú gbogbo ohun tó kì í. Òun ló gbé páànù borí wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìwé.

"Bí mọ́tò náà bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà ńkọ́?" ó ní. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò wọn àkọ́kọ́ kú kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tí wọ́n rà á. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n.

"Ọlọ́run ò ní í jẹ́."

"Àmín. Bó bá wá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Mo ní Ọlọ́run ò ní í jẹ́, Àmọ̀kẹ́."

"Mo ti ṣe àmín, Bàbá Àzíìzàt."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ojú Gàzálì sì fi hàn pé kò ka iye rí kọjá ẹ̀fà. Nígbà náà ló wá ṣe kedere sí Sàádátù pé àwọn mẹ́ta ló wà nínú ilé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ ohun tí ìwé náà wí. Ọkọ kò kà á, mọ́tò ló rí. Òun kò lè kà á, fọ́tò ló rí. Ẹni tó kà á wà lẹ́yìn ilé, ó ń bá púpurú tó ti ń tutù jà, ẹ̀rù sì ń bà á. Gbogbo bí òun ti ń jìjàdù àyè láti àárọ̀, kò sí ibì kan tí òun ti bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó wà nínú àyè náà.

Ó fi kálámù lé orí tábìlì. Gàzálì bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní kó ṣe àlùwàlá rẹ̀, òun ń bọ̀.

Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, kò tíì gbé ìwé òyìnbó kan síwájú ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ìwé iná, ìwé ilé ìwosàn, a máa fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí Àzíìzàt yóò fi dé láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, bó pé oṣù mẹ́ta. Ó kúkú sàn fún un ju kí Rọ́fíàt mọ̀ pé òun kò lè kà wọ́n lọ. Rọ́fíàt ti mọ̀, bóyá láti ọdún kìn-ín-ní, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Èyí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e bó ti ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá.

Rọ́fíàt gbójú sókè láti ìdí àdògán. Sàádátù fa àpótí súnmọ́ ọn, ó jókòó, orúnkún wọn ń kan ara wọn. Ó tẹ́ ìwé tí kò ní fọ́tò náà sórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á kó má ká, ó sì yí i síhà ibi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù.

"Ìyá Hàbíb," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi kà á. Má fo ìlà kankan."